Lẹ́yìn Ìbò Ni, Àbẹ̀ní

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú kan Kọ́nẹ́ẹ̀lì Silas Fásanmí, àga ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà. Orí pápá ilé-ìwé kan ní Iléṣà ni. Wọ́n ti ta kánópì, wọ́n ti to àga oníke lọ súà, kò sì sí ẹyọ ìdí kan lórí wọn. Ọkùnrin gíga kan, irun funfun, ẹ̀yìn nà ṣánṣán, dúró níwájú àwọn àga náà pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́. Ó ń sọ fún wọn bí òun yóò ṣe tún ọ̀nà oko ṣe bí wọ́n bá dìbò fún òun sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀.

Èmi Julianah Àbẹ̀ní, aṣọ ni mo gbé wá fún oníbàárà mi kan tó ní ká pàdé níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ìdí mi kì í sì í ṣe ìdí kékeré, ẹ ṣáà mọ ìdí obìnrin Ìjẹ̀ṣà tó bímọ mẹ́rin tí kò sì fi iyán ṣeré. Mo gbé e lé ọ̀kan nínú àwọn àga náà, àga ké. Bí mo ṣe jókòó báyìí, Kọ́nẹ́ẹ̀lì kọjú sí mi.

“Mo kí yín o, ẹ̀yin èèyàn mi!”

Mo wẹ̀yìn wò. Kò sí ẹnì kankan. Èmi nìkan ni gbogbo èèyàn rẹ̀.

“Ọ̀gá,” mo ní, “ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

“A kéde pé aago mẹ́wàá ni ìpàdé. Aago mẹ́wàá ti lù.”

“Ta ló sọ fún yín pé aago mẹ́wàá ni aago mẹ́wàá?”

Ó gbé máìkì kúrò lẹ́nu. “Màdáámù, iṣẹ́ ológun ni mo ṣe dàgbà. Mo jagun dé Làìbéríà. Bí mo bá ní mò ń bọ̀ laago mẹ́wàá, ẹ óò rí mi laago mẹ́wàá.”

“Tóò. Ẹ máa bá àga lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àga kì í dìbò.”

Ó wò mí. Mo rò pé yóò ní kí wọ́n gbé mi jù síta, mo sì ń ro iye ọkùnrin tí yóò gbà wọ́n. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti inú ikùn wá, tí gbogbo èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń dùn mí.

Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó kí mi bí ṣọ́jà ti ń kí ọ̀gá rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó lọ sí ìlú tó kàn. Nígbà tí èrò dé lọ́sàn-án pẹ̀lú ìlù àti ijó, wọn ò bá olùdíje mọ́. Ìbò yẹn, ó fìdí rẹmi pátápátá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní òun fẹ́ ra aṣọ. Ó yẹ àdìrẹ wò, ó yẹ gínnì wò, kò ra ìkankan. Ọ̀rẹ́ mi Àpìkẹ́, tó ń ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ti ń fi imú rẹ́rìn-ín.

“Màdáámù,” Kọ́nẹ́ẹ̀lì sọ nígbẹ̀yìn, “ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ni mo ṣe tí wọn ò dìbò fún mi?”

“Ṣé kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi?”

“Ohun tí mo wá gbọ́ nìyẹn.”

“Ẹ máa ń pa gíláàsì mọ́tò dé kọjá lára èèyàn. Ẹ máa ń kí arúgbó bíi pé ẹ fẹ́ tì í mọ́lé. Wọ́n gbé iyán fún yín nílé olórí àdúgbò, ẹ ní ẹ ti yó. Àgbàlagbà ń sọ̀rọ̀, ẹ ń wo aago ọwọ́. Ta ló máa dìbò fún ẹni tó ń kánjú kúrò lọ́dọ̀ òun?”

Àpìkẹ́ pariwo láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: “Julianah, o máa pa bàbá oníbàbá!”

Kọ́nẹ́ẹ̀lì kò bínú. Ó fa àpótí ìjókòó, ó jókòó. “Ẹ kọ́ mi,” ó ní.

Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíràn ń gba òdòdó, ẹlòmíràn ń gba òrùka. Èmi, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Opó ni mí, ó ti pẹ́. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti sùn nínú Olúwa, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lókè òkun. Ó wá di pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn ìsìn, yóò yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sórí pákó gbọọrọ láì gbọn eruku rẹ̀ kọ́kọ́. Mo kọ́ ọ pé tí a bá bi arúgbó pé ara ńkọ́, èèyàn gbọ́dọ̀ dúró gbọ́ ti orúnkún, ti ẹ̀yìn àti ti ojú tó ń ṣe bàìbàì, títí yóò fi kan ti ọmọ tí kì í pe fóònù. Mo ní bó bá ti rí èèyàn lẹ́bàá ọ̀nà, kó dúró, kó sọ̀ kalẹ̀.

“Gbogbo wọn?” ó bi mí.

“Gbogbo wọn, Silas.”

“Ogun rọrùn ju èyí lọ, Àbẹ̀ní.”

Bó ṣe ń pe Àbẹ̀ní yẹn ló kó bá mi. Ọkọ mi olóògbé kò pè mí bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tí Silas bá ti pè é, màá kàn máa wá ohun tí màá fi ọwọ́ mi ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lé tìróò. Mo yá kọ́sẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ Àpìkẹ́ kí ikùn mi lè wọlé díẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò lè mí láti orin àkọ́kọ́ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Lọ́jọ́ tó là á mọ́lẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun la ń jẹ.

“Àbẹ̀ní, mi ò fẹ́ máa wá, kí n tún máa lọ mọ́. Fẹ́ mi.”

“Silas, eyín tó kù ní ẹnu mi ò tó nǹkan o.”

“Èmi gan-an, mò ń bọ́ tèmi sínú ife.”

Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi há mi lọ́fun. Ó gbá mi lẹ́yìn, ó gbé omi fún mi, mo mu ún, mo sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ku ẹbí. Mọpẹ́olúwa, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Óṣogbo, ká ọwọ́ lérí. “Màmá! Pẹ̀lú ọjọ́ orí yín?”

“Ọjọ́ orí mi ni, mi ò yá a lọ́wọ́ ẹ.”

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Díákónì, tó jẹ́ àgbà nílé wa, tilẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀. “Ṣọ́jà,” ó ní. Ó tún ronú. “Olóṣèlú.” Ó mí kanlẹ̀. “Méjèèjì lára ẹnì kan ṣoṣo, Julianah?”

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó gbà. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́. Kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá sílé wa lójú ọ̀sán, kó dọ̀bálẹ̀, kó tọrọ mi bí wọ́n ṣe ń tọrọ ọmọge. “A ò tíì kú tán nílé yìí,” ó ní. “Ẹnikẹ́ni ò ní gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gbé arábìnrin mi lọ.”

Inú mi dùn. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n wá tọrọ mi. Èèyàn lè di ìyá àgbà kó ṣì fẹ́ kí wọ́n tọrọ òun.

Mo sọ fún Silas, tó tún ti ń díje fún ipò kan náà. Ó dì mọ́ mi. “Lẹ́yìn ìbò ni, Àbẹ̀ní. Ó ku díẹ̀. Mi ò fẹ́ fi ìdajì ọkàn ṣe é.”

Ìbò dé, ó wọlé. Ó wọlé wọ̀ǹtìwọ̀ǹtì! Àwọn arúgbó tó jókòó tì ló gbé e wọlé. Mo jó títí ìró mi fi fà ya lẹ́yìn, ọpẹ́lọpẹ́ Àpìkẹ́ tó fi gèlè bò mí.

Mo ní, “Silas, ìbò ti parí.”

Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ búra fún àwọn. Wọ́n búra. Ó ní kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí òun yóò wà. Wọ́n yàn án. Ẹni tó fìdí rẹmi gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ó ní kí ẹjọ́ parí. Ẹjọ́ parí, ó jàre, ẹni náà tún pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ̀yin ọmọ mi, inú bí mi dé ibi tí mo ń bá adájọ́ tí n kò mọ̀ rí jà nínú àdúrà. Tí mo bá ti gbọ́ “lẹ́yìn” lẹ́nu Silas, etí mi á máa hó.

Nígbà tó yá, ó mú Sátidé kan. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un, ó sì sọ ọ́ fún Díákónì lórí fóònù: aago méjìlá ọ̀sán.

Ní ilé wa, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé iyán tútù síwájú àna. Ìtìjú ńlá ni. Nítorí náà, bí Silas ṣe pè pé àwọn ti kúrò l'Óṣogbo, àwọn obìnrin ilé bọ́ sídìí odó. Iyán funfun, ó ń yọ́. Àwọn àgbà ìdílé ti jókòó. Èmi wà nínú yàrá pẹ̀lú aṣọ òfì lára, àtíkè lójú, mo ń làágùn bí ẹni tó gun òkè.

A ò rí wọn. Iyán le. Wọ́n pín in fún àwọn tó wà nílẹ̀, wọ́n tún gbé iṣu kaná.

Ó pè: àwọn ti wọ Ìbòkun. Wọ́n tún gún un. Iyán kejì le. Àwọn ìyàwó ilé ti ń fi odó sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá sọ ọmọ odó kalẹ̀, mo mọ̀ pé orí mi ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ mọ́. Àwọn àgbà ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ní oògùn òun ti tó lò, èkejì ní òun kàn fẹ́ na ẹsẹ̀. Kò sí èyí tó padà.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí a tó gbọ́ fèrè ọkọ̀. Silas sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú èrò ẹgbẹ́ rẹpẹtẹ tó ń kọrin ìbò. Díákónì nìkan ló kù lórí àga. Silas dọ̀bálẹ̀ gbalaja, agbádá rẹ̀ tẹ́ nílẹ̀.

“Ẹ dìde,” ẹ̀gbọ́n mi sọ. “Kò sí ọmọ tí a fẹ́ fún èèyàn nírọ̀lẹ́ yìí. Àwọn tí yóò fún yín ti lọ sùn.”

“Ẹ forí jì mí, sà. Ní Ìbòkun ni. Afárá wọn ti wó, wọ́n jáde sí mi lọ́nà. Ní abúlé tó tẹ̀lé e, ìyá arúgbó kan…” Ó yí ojú sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. “Àbẹ̀ní, ìwọ lo ní kí n máa sọ̀ kalẹ̀.”

Ẹ gbọ́ mi! Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ṣí ẹnu láti bú u, ẹ̀rín ló jáde, ẹkún sì tẹ̀lé e, àtíkè ojú mi dà bí ilẹ̀ tí òjò wẹ̀. Mo bínú sí i. Mo bínú sí Ìbòkun. Mo bínú sí ẹnu ara mi tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù.

Díákónì ní òun yóò dá ọjọ́ kan péré sí i. “Bó bá tún yẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí arábìnrin mi fi ìwọ̀n ọjọ́ tó kù fún un sinmi.”

A mú Sátidé mìíràn. Silas búra. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀ náà ni wọ́n ní kó wá díje fún ipò sẹ́nétọ̀. Nígbà tó ku ọ̀la, ohùn ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí dún lórí fóònù mi: “Màmá, Ọ́nárébù ní kí ẹ ní sùúrù. Lẹ́yìn ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ni.”

Akọ̀wé ni wọ́n ní kó bá mi sọ ọ́. Èmi, Àbẹ̀ní.

Mo wọ bàtà. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo láì jẹun, ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti le.

Ilé rẹ̀ ní Dàda Estate kún láti géètì dé pálọ̀. Gbogbo èèyàn ló wá bẹ̀bẹ̀ nǹkan. Akọ̀wé náà, Mọ́ṣúdù ni wọ́n ń pè é, wá bá mi.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ṣé ti ẹ̀rọ ìránṣọ ni, àbí ti owó ilé-ìwé?”

“Ti ọkọ ni.”

“Kí ni ọkọ yín ṣe?”

“Kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.”

“Ẹ jókòó, yóò kàn yín.”

Mo jókòó. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Kàósárà láti Òkè-Fìà, ń ta ẹja tútù. Ó ní kí n jọ̀wọ́ sún díẹ̀.

“Ọmọ mi, ibi tí mo bá sún dé, ìdí mi á tún bá mi débẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ fún mi. Tíráńsífọ́mà àdúgbò wọn ti jó. Ẹja rẹ̀ jẹrà, ó kó o dànù, òmíràn tún jẹrà. Kò mọ ohun tí òun yóò ṣe mọ́. Mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó tún bí mi nínú pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, Silas dìde lẹ́yìn tábìlì, ojú rẹ̀ tàn. “Àbẹ̀ní mi! Ta ló ní kó o jókòó síta?”

“Ọ̀la ni Díákónì ń retí rẹ.”

Ojú náà wálẹ̀. “Wọn ò bá ọ sọ̀rọ̀ ni? Ìlú ìyá àwọn ọmọ mi ni ìbò abẹ́lé yìí wà. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní bí wọ́n bá gbọ́ pé mo gbé ìyàwó níbòmíràn, wọn ò ní jáde fún mi.”

“Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló wá ń pàṣẹ fún ọ?”

“Nínú iṣẹ́ ológun, bí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀…”

“O ti fẹ̀yìn tì, Silas!”

Ó wá bá mi, ó mú ọwọ́ mi méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. “Mo fẹ́ràn rẹ. O mọ̀.”

“Mo mọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, n kì bá tí wọkọ̀ wá. Wọ fìlà rẹ. Jẹ́ ká lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nísinsìnyí, èmi àti ìwọ. Kò béèrè èrò, kò béèrè ẹrù. Kó ṣáà rí ọ. Bí a kò bá lọ lónìí, Silas, a ò ní lọ mọ́.”

Ó wò mí pẹ́. Ó wo fìlà lórí tábìlì. Ó mú un, ó dé e.

Áà! Ẹ wo ìyá arúgbó tí ọkàn rẹ̀ ń fò sókè bí ti ọmọge! Mo tún gèlè mi wé níbẹ̀, mo sì rò ó pé màá jẹ́ kó jókòó ní ojú fèrèsé nínú mọ́tò, kí gbogbo Iléṣà lè rí wa.

A jáde sí pálọ̀. Gbogbo èèyàn dìde. “Ọ́nárébù!” Èmi ń lọ níwájú, mo ń la èrò kọjá, mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ ọ mọ́.

Mo dé géètì kí n tó wẹ̀yìn. Kàósárà ló kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Silas ti gbé e dìde, ó ti jókòó sórí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀, ó tẹ etí sí i. “Láti ìgbà wo?” mo gbọ́ tó ń bi í. Ó ń gbọ́ ọ lóòótọ́, kò wo aago. Ẹlòmíràn ti dúró lẹ́yìn Kàósárà, ẹlòmíràn lẹ́yìn ìyẹn.

Mo dúró. Mo ń wo ojú rẹ̀. Ó ti rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ mi dáadáa, ṣùgbọ́n n kò rí ojú yẹn rí lọ́dẹ̀dẹ̀ mi, ojú ẹni tó wà níbi tó fẹ́ wà. Ká ní obìnrin kan ló gbà á mọ́ mi lọ́wọ́ ni, màá ká aṣọ sókè, màá jà, màá sì borí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá Kàósárà jà nítorí ẹja tó jẹrà?

Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n ní sùúrù díẹ̀.

Mo tẹ orúnkún mi tó ń dùn mí bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, Ọ́nárébù!”

N kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ yí padà, ó yé e. Ó dìde. Bàbá kan ti di ọwọ́ agbádá rẹ̀ mú.

Kẹ̀kẹ́ kan dúró fún mi lẹ́nu géètì. “Màmá, ibo?”

“Gáréèjì Iléṣà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, àárín lẹ máa jókòó sí o, kí kẹ̀kẹ́ má baà dojú dé.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé gbogbo ara mi wọlé, mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú mi wọ ẹnu mi.

Awakọ̀ náà ń wo ẹ̀yìn. “Màmá, ẹ̀yin ni bàbá yẹn ń juwọ́ sí. Ṣé ká dúró dè wọ́n?”

Mo bojú wẹ̀yìn. Lórí gbogbo orí wọn ni mo ti rí ọwọ́ rẹ̀.

“Rárá, ọmọ mi,” mo ní. “Máa wà á lọ.”